Sátidé Mẹ́rin Onífìlà

Túsìdeè, 3 Máàṣì 1964. Àpòmù.

Ọ̀rọ̀ ti dé. Bàbá Ògúnjìnmí, àbúrò bàbá mi tí wọ́n jẹ́ olórí ẹbí wa, ránṣẹ́ pè mí láàárọ̀ kí n tó lọ sí kóòtù. Wọ́n ní tí Àjíǹde bá ti kọjá, àwọn alágbàṣe á wọ ilẹ̀ Ìdí-Ọsàn. Iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kí kòkó lè rí ibòji, lẹ́yìn náà kòkó. Kí n lọ kó àwọn àsíá mi kúrò.

Àsíá mi! Ihò gọ́ọ̀fù mẹ́ta péré, àsíá kan nínú ìkọ̀ọ̀kan, ni mo ní láyé yìí. Ilẹ̀ tí kòkó ti gbó lórí ẹ̀, tí wọ́n gé e dànù, tí koríko gbà á pátá, tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè rẹ̀ — èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣán an. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá mi ní Sẹkitéríàtì Ìbàdàn ló kọ́ mi ní gọ́ọ̀fù. Nígbà tó ń lọ sílé wọn lẹ́yìn òmìnira, ó fi ọ̀pá méje tí wọ́n fi ń gbá a sílẹ̀ fún mi nínú àpò kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé mi wá sílé, wọ́n ní kí n wá ṣe akọ̀wé kóòtù. Láti àárọ̀ dalẹ́, ẹjọ́ ilẹ̀ ni mò ń kọ. Ẹni yìí ní tòun ni, tọ̀hún ní irọ́ ni. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, n ó gbá bọ́ọ̀lù kan kó fò lọ réré, gbogbo ẹjọ́ á bá a lọ. Bí kì í bá ṣe ihò mẹ́ta yẹn ni, orí mi ì bá ti dàrú.

Mo bẹ Bàbá. Wọn ò ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú ìwé yìí, Kò-fẹ́-kò-kọ̀ ni n ó máa pè wọ́n. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé: Titus, ìwọ àgbà ọkùnrin yìí, kí lò ń lé kiri nínú koríko?

Ohun kan wà tí wọn ò mọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ìbàdàn, yanrìn ni wọ́n ń tẹ́ yí ihò ká, wọ́n á pò ó mọ́ epo kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ, kí bọ́ọ̀lù lè yí geere. Èmi náà pò tèmi. Epo dúdú tí Gàrúbà awakọ̀ ń fà kúrò nínú lọ́rì ẹ̀ ni mo gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Bí Kò-fẹ́-kò-kọ̀ bá gbọ́ pé mo da epo mọ́tò sórí ilẹ̀ kòkó — kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Wẹ́sìdeè, 4 Máàṣì.

Fọláwùmí ìyàwó mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyálé ló máa ń pe àpò ọ̀pá mi. Láàárọ̀: Ìyálé jí dáadáa? Nírọ̀lẹ́: Ẹ ti bá Ìyálé ṣeré tán? Lónìí ó ní òun gbọ́ pé wọ́n fẹ́ lé Ìyálé kúrò nílé, òun á wá rí ọkọ òun gbádùn. Mi ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú mi, ó lọ gbé oúnjẹ wá.

Fúráìdeè, 6 Máàṣì.

Ọlọ́run ò sùn! Alájì Tàjùdíìnì, tó ń ra kòkó ní Ìkirè, wá jẹ́rìí ní kóòtù lónìí. Òun nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n ládùúgbò wọn, òun náà ló ní jẹnẹrétọ̀ tó ń fún un níná. Ó sọ fún mi pé láti ọ̀la lọ, Ìbàdàn á máa gbé ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá kan láti ìlú òyìnbó sáfẹ́fẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi gbá a, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní Sátidé kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n wá wò ó. Mo ní ṣé mo lè mú ẹnì kan dání.

N ó mú Kò-fẹ́-kò-kọ̀ lọ. Kí wọ́n fojú ara wọn rí i pé kì í ṣe eré ọmọdé. Bí wọ́n bá rí i, wọn á fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Mo ti wẹ̀ tán báyìí, mo tún fẹ́ wẹ̀. Ara mi ò lélẹ̀.

Sátidé, 7 Máàṣì.

Lọ́rì Gàrúbà la wọ̀ lọ sí Ìkirè, Bàbá jókòó níwájú pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn. Pálọ̀ Alájì kún dé ẹnu ọ̀nà. Gbádégẹṣin káfíńtà, ẹ̀gbọ́n Fọláwùmí, wà níbẹ̀, àna mi tí ẹnu ẹ̀ kì í sinmi. Wọ́n gbé àga fún Bàbá. Àwòrán ń gbọ̀n, bí ẹni pé elùbọ́ ń dà sílẹ̀ nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí wọn! Mo rí bí ọkùnrin gíga kan ṣe yí ìbàdí padà tó fi gbá bọ́ọ̀lù. Omi fẹ́ bọ́ lójú mi.

Orúkọ àwọn òyìnbó náà le lẹ́nu. Àwọn ìyàwó Alájì, Ràṣídátù àti Sìlífátù, ò bá orúkọ jà rárá. Bí ìyàwó ṣe máa ń fún àbúrò ọkọ lórúkọ tuntun, torí kò gbọ́dọ̀ pe èyí tí wọ́n sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún wọn. Ọ̀dọ́ tó ga yẹn di Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Àgbàlagbà kan wà tó fa fìlà bo ojú, tó ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́: Onífìlà. Gbogbo pálọ̀ gbà á bẹ́ẹ̀.

Èmi ni mò ń túmọ̀ fún Bàbá bí ògbufọ̀ kóòtù. Wọ́n wò ó títí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wọn: Ilẹ̀ tó tó báyìí! Kò sí ebè kan ṣoṣo níbẹ̀? Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí ta ló ń ṣán koríko náà. Mo ní ẹ̀rọ ni. Wọ́n ní fún kí ni, ṣé màlúù wọn ń jẹ ẹ́ ni? Mo ní rárá.

Lójú ọ̀nà, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní mo la àwọn lójú. Wọ́n ní: Àwọn òyìnbó fi ilẹ̀ ṣòfò tó báyìí, abájọ tí wọ́n fi ń wá ra kòkó lọ́wọ́ wa. Àwa ò ní fi tiwa ṣòfò.

Mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ara mi.

Mọ́ńdè, 9 Máàṣì.

Mo lọ sí Ìdí-Ọsàn lẹ́yìn iṣẹ́. Èyí tó jìn, mo mọ̀ ọ́n gbá. Èyí tó kù díẹ̀ sí ihò ni àrùn mi. Tí ó bá ti sún mọ́ ọn báyìí, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n bíi tẹni tí ibà mú. Mo tàsé nídìí gbogbo ihò, mo tún wò ó bóyá ẹnikẹ́ni rí mi. Ewúrẹ́ kan ló wà níbẹ̀.

Tọ́sìdeè, 12 Máàṣì.

Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ lóru. Gbogbo ìlú ń dunnú. Mo gbọ́ ìró àáké lẹ́yìnkùlé Bàbá: wọ́n ń gbẹ́ igi tuntun fún ọkọ́.

Sátidé, 14 Máàṣì.

Mi ò fẹ́ mú wọn lọ mọ́. Bàbá gan-an ló ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní ṣé lọ́rì ò tíì dé ni.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lónìí. Onífìlà dé etí ihò, ó lóṣòó. Ó wo ilẹ̀ láti iwájú, ó dìde, ó lọ lóṣòó lẹ́yìn, ó tún wò ó. Ó fi ọwọ́ pa koríko. Àwọn ará Ìkirè ń kùn pé arúgbó yìí ń pẹ́ jù. Bàbá na ọ̀pá wọn sí àwòrán, wọ́n ní: Ẹ fi í sílẹ̀. Ìyẹn mọ ilẹ̀. Bí àgbẹ̀ ṣe ń wo ilẹ̀ nìyẹn. Onífìlà bá dìde, ó gbá a pẹ́ẹ́, bọ́ọ̀lù yí lọ, ó tẹ̀ díẹ̀, ó wọlé. Bàbá pàtẹ́wọ́! Mi ò rí kí wọ́n pàtẹ́wọ́ rí, àní lọ́jọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì.

Láti ìgbà náà, tiwọn ni Onífìlà. Gbogbo Ìkirè sì wà lẹ́yìn Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, torí ó máa ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Nígbà tá à ń bọ̀, ìbéèrè lórí ìbéèrè. Kí ló dé tó pààrọ̀ ọ̀pá? Kí ló dé tí gbogbo èrò dákẹ́? Ṣé ó ní ọmọ? Mi ò mọ̀ bóyá ó ní ọmọ. Mo ní ó ní.

Ọjọ́ Ìsinmi, 15 Máàṣì.

Bàbá ò mẹ́nu ba ọkọ́ lónìí. Wọ́n bi mí pé kí ni irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ kó tó lọ síbi iṣẹ́.

Túsìdeè, 17 Máàṣì.

Mo ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ní Ìdí-Ọsàn, mo gbójú sókè, Kò-fẹ́-kò-kọ̀ ló dúró lábẹ́ igi ọsàn yẹn, wọ́n ń wò mí. Epo! Mo sáré já ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo fi bo yanrìn, mo ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan. Wọn ò sún mọ́ mi. Wọ́n dúró pẹ́, wọ́n yí padà, wọ́n lọ. Ta ló lè mọ ohun tó wà nínú wọn?

Sátidé, 21 Máàṣì.

Mo fẹ́ kọ ọ́ kí n tó gbàgbé ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀.

Onífìlà àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dọ́gba. Ẹnikẹ́ni ò wo àwọn tó kù mọ́. Gbádégẹṣin àna mi dìde láàrin pálọ̀, ó ní: Àwa ará Ìkirè, ọ̀dọ́ là ń bá lọ o. Ẹ̀yin ará Àpòmù, ẹ máa bá arúgbó yín bọ̀. Ẹ̀rín sọ. Bàbá fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo wọn gbọ́. Wọ́n ní: Bí Onífìlà bá borí ní Sátidé tó ń bọ̀, ọkọ́ kankan ò ní kan ilẹ̀ Ìdí-Ọsàn títí ọlọ́jọ́ á fi dé bá mi, kí Titus máa lé bọ́ọ̀lù ẹ̀ níbẹ̀. Bí ọmọ tiyín yẹn bá borí, Mọ́ńdè Àjíǹde, alágbàṣe á wọ ilẹ̀ náà. Mo ti sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ gbọ́ o.

Alájì ní àwọn gbọ́. Gbádégẹṣin gan-an ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Bàbá ò yẹ ọ̀rọ̀ wọn rí. Ilẹ̀ mi ti wà lọ́wọ́ òyìnbó kan tí kò mọ̀ pé Àpòmù wà láyé.

Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, 22 Máàṣì.

Ẹ wá wo nǹkan. Bàbá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n jókòó níwájú, imọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n bẹ pásítọ̀ kó bá àwọn gbàdúrà fún àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ àwọn, tí iṣẹ́ ńlá wà níwájú ẹ̀ ní Sátidé. Pásítọ̀ ò bèèrè orúkọ. Ó kúnlẹ̀, ó gbàdúrà gan-an. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe Àmín.

Wẹ́sìdeè, 25 Máàṣì.

Wọ́n fi ìwé kóòtù rán mi sí Ìbàdàn. Mo yà kí Barnabas, ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ ní Sẹkitéríàtì. Ó ti wọ ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù wọn báyìí, ibi tó jẹ́ pé àpò ọ̀pá òyìnbó la máa ń gbé níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ròyìn Sátidé wa fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní èyí tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn? Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ti gbá a tán!

Èmi akọ̀wé! Mo mọ̀ pé fíìmù ni, wọ́n sì sọ ọ́ létí mi pé ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi gbá a. N kò kàn ronú débẹ̀ rí. Gbogbo àdúrà tá à ń gbà, a gbà á sórí ohun tó ti tutù.

Mo bi í ta ló borí. Mo ní àwọn méjì ló kù, ọ̀dọ́ kan, àgbà kan tó ń dé fìlà — kò jẹ́ kí n parí ẹ̀. Ó ní onífìlà ni! Ó ní òun rí àwòrán ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ife lọ́wọ́, fìlà lórí.

Mo fò sókè nínú ọ́fíìsì wọn. Ilẹ̀ di tèmi! Ìgbà tí mo wọ ọkọ̀, tá a kọjá Wásinmi, ni mo tó rántí pé Bàbá ò mọ̀ pé ó ti parí.

Tọ́sìdeè, 26 Máàṣì.

Bí mo bá sọ fún Bàbá pé ó ti parí, wọn á ní ọ̀rọ̀ tí àwọn sọ ò dúró mọ́, alágbàṣe á wọlé. Bí mi ò bá sọ, mo fi ẹ̀tàn gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbà. Ní kóòtù lónìí, ọkùnrin kan fi Bíbélì búra lórí ilẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ pé kì í ṣe tiẹ̀. Èmi ni mo gbé Bíbélì fún un. Mi ò lè wo ojú ẹ̀.

Mo sọ fún Fọláwùmí. Ó ní: Ẹ lọ sọ fún Bàbá. Mo ní tó bá di lẹ́yìn Sátidé. Ó ní: Lẹ́yìn Sátidé, ọ̀rọ̀ yẹn á ti di nǹkan míì. Kò pe Ìyálé lónìí, kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Ìyẹn dùn mí ju kó bú mi lọ.

Fúráìdeè Rere, 27 Máàṣì.

Bàbá pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ní: Titus, ìwọ lo mọ eré yìí, ṣé a máa borí?

A, ni wọ́n wí: èmi pẹ̀lú àwọn.

Mo ní: Ọlọ́run ló mọ̀, Bàbá. Ọlọ́run mọ̀ lóòótọ́. Èmi náà sì mọ̀. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Sátidé, 28 Máàṣì.

A dé ilé Alájì kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀ pàápàá. Mo fara balẹ̀ jókòó bí ẹni tó ti jẹun yó. Mo tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí Gbádégẹṣin. Àwòrán mọ́lẹ̀. Oòrùn mú gan-an lọ́hùn-ún lọ́jọ́ náà, gbogbo èrò ń fi ọwọ́ ṣíji bojú. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jáde wá.

Ó dé fìlà.

Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Fìlà funfun, rogodo lórí ẹ̀! Onífìlà náà jáde, fìlà tiẹ̀ wà lórí bó ṣe máa ń wà. Mo rántí Barnabas: ife lọ́wọ́, fìlà lórí. Fìlà ta ni? Mi ò mọ̀ mọ́. Mi ò mọ nǹkan kan mọ́. Bàbá bi mí kí ni ohùn inú àpótí sọ, mi ò gbọ́ ọ, mo ní ó ń kí èèyàn.

Wọ́n bá ara wọn jà títí dé ihò ìkẹyìn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ parí tiẹ̀. Ó ku Onífìlà, bọ́ọ̀lù ẹ̀ ò jìnnà sí ihò ju gígùn ọ̀pá ọwọ́ ẹ̀ lọ. Bí ó bá wọlé, wọ́n dọ́gba, wọn á tún gbá a lọ́jọ́ kejì. Bí kò bá wọlé, ó tán. Sìlífátù fi ìborùn bojú. Onífìlà dúró tì í. Kò lóṣòó. Bàbá ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, Lóṣòó, lóṣòó, bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Kò lóṣòó. Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù dé ẹnu ihò, ó yí i ká, ó dúró sí etí ẹ̀, kò wọlé.

Ìkirè hó yèè. Gbádégẹṣin ń jó, ó jó dé iwájú Bàbá, ó rí ojú wọn, ó rọra jókòó. Wọ́n gbé ife fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, fìlà lórí ẹ̀.

A wọ lọ́rì. Gàrúbà fẹ́ tù wọ́n nínú, ó ní: Baba, na ball o, nobody die. A fẹ́ẹ̀ dé Àpòmù kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní: Onífìlà fojú kéré bọ́ọ̀lù yẹn. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Wọ́n ní: Mọ́ńdè, àwọn alágbàṣe á wọlé.

Mo pa ẹnu mọ́ lórí irọ́, mo tún pàdánù ilẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n ṣe ara mi léṣe, mi ò lè ṣe é jù báyìí lọ. Inú ń bí mi sí Barnabas, inú ń bí mi sí Onífìlà, èmi gan-an ni inú ń bí mi sí jù.

Ọjọ́ Ìsinmi Àjíǹde, 29 Máàṣì.

Bàbá ò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mọ́ńdè Àjíǹde, 30 Máàṣì.

Mo gbé àpò ọ̀pá mi dé Ìdí-Ọsàn ní kùtùkùtù kí n lè fọwọ́ ara mi fa àwọn àsíá tu. Mo fa ti àkọ́kọ́, mo fa èkejì. Nígbà tí mo dé ìkẹta, mi ò lè fà á. Mo dúró bẹ́ẹ̀ títí àwọn alágbàṣe fi dé, ọkọ́ tuntun léjìká wọn. Bàbá wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní kí àwọn alágbàṣe jókòó sábẹ́ ọsàn ná.

Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Mo sọ gbogbo ẹ̀, Barnabas, ìwé ìròyìn, fìlà, bí mo ṣe pa ẹnu mọ́ tí mo ní Ọlọ́run ló mọ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní: O mọ̀, síbẹ̀ o ò mọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Wọ́n ní: Ìyà yẹn tó ẹ.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n bu yanrìn etí ihò, wọ́n fi ìka fọ́n ọn, wọ́n gbé e símú. Mo di ojú mi. Wọ́n ní: Epo mọ́tò. Mo tún fẹ́ dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní: Dìde jàre, kí lo tún ń wá nílẹ̀? Gbé bọ́ọ̀lù kan síbi tí ti Onífìlà wà.

Mo gbé e síbẹ̀. Gígùn ọ̀pá kan. Wọ́n ní kí n gbá a.

Mo lóṣòó. Mo wò ó níwájú, mo wò ó lẹ́yìn. Mo dìde. Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo gbá a, ó gba ẹ̀gbẹ́ ihò kọjá lọ.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí: O lóṣòó, àbí? Mo ní mo lóṣòó. O ò fojú kéré ẹ̀? Rárá, Bàbá. Wọ́n ní: Ó sì tàsé. Wọ́n gbé ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn fún mi, wọ́n gba ọ̀pá kúkúrú lọ́wọ́ mi, wọ́n ká ọwọ́ agbádá sí èjìká. Mo ní kí wọ́n dì í mú jẹ́jẹ́. Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́, kí n jẹ́ káwọn ríran.

Wọ́n tàsé. Wọ́n ní ilẹ̀ ni. Wọ́n tún tàsé. Wọ́n ní ọ̀pá ni. Wọ́n bọ́ agbádá. Oòrùn yọ, ó gòkè. Ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe wá bá wa di àsíá mú, èkejì ń fọwọ́ gbá yanrìn tẹ́jú, àwọn tó kù ń jẹ ẹ̀kọ lábẹ́ ọsàn, wọ́n ń jiyàn bóyá apá òsì ni kí Bàbá kọjú sí. Nígbà tó yá, ọ̀kan lọ tààrà, ó dé ẹnu ihò, ó yí i ká, ó dúró sí etí ẹ̀ gẹ́lẹ́. Gbogbo wa mí kanlẹ̀. Bàbá wò ó. Wọ́n ní: Háà. Mo ti bú ọkùnrin yẹn jù.

Àwọn alágbàṣe bèèrè iṣẹ́ wọn. Mo ṣe bí ẹni pé mi ò gbọ́. Bàbá mú wọn lọ sí ìkángun ilẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n ní kí wọ́n kọ ebè kan. Wọ́n kọ ọ́. Wọ́n ní kí wọ́n gbé ọkọ́ wọn, kí wọ́n máa lọ sílé. Gbogbo wọn ń wo ara wọn. Èmi gan-an la ẹnu sílẹ̀. Bàbá yíjú sí mi, wọ́n ní: Akọ̀wé kóòtù, kí ni mo sọ nílé Alájì? Mo ní wọ́n ní alágbàṣe á wọ ilẹ̀. Wọ́n ní: Ṣé wọn ò wọ̀ ọ́ ni? Mo ní wọ́n wọ̀ ọ́, Bàbá. Wọ́n ní: Ṣé mo dá ọjọ́ tí ọkọ́ wọn máa kan ibi ihò rẹ? Mo ní wọn ò dá a.

Ilẹ̀ Ìdí-Ọsàn ti ní ebè báyìí. Ẹyọ kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ yìí, Fọláwùmí gbé àpò ọ̀pá wò, ó ní Ìyálé ò pé, ọ̀pá kan dín nínú ẹ̀. Mo ní èyí tó kúrú ni, ó wà lọ́wọ́ Bàbá. Ó ní ìgbà wo ni wọ́n máa dá a padà? Mo ní wọ́n ní tí àwọn bá ti mọ ohun tó ṣe Onífìlà.